Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì

Ọjọ́ tí Ògbufọ̀ kọ́kọ́ rí ọkùnrin tó padà wá di ọkọ rẹ̀, ilẹ̀kùn ni ọkùnrin náà ń ṣí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ojú ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Èdè méjì ni wọ́n ń sọ nílùú náà: èdè àwọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àti èdè àwọn ará òkè tó dé ní ìran mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń rajà, òjò kan náà ló ń pa wọ́n, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kálukú a kọrí sílé ara rẹ̀. Ilé àjọgbé ni Ògbufọ̀ ti dàgbà, àwọn ará òkè ló sì kún ibẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ èdè méjèèjì bí ẹni gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe nílé ìwòsàn kò ju pé kó jókòó sáàárín dókítà àti aláìsàn, kó máa gbé ọ̀rọ̀ èyí fún tọ̀hún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá àgbà kan wọlé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú ìyá náà ti rí bí gíláàsì tí èémí bò. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń rí. Kí dókítà tó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìyá náà sọ̀rọ̀.

Ògbufọ̀ yíjú sí dókítà. "Wọ́n ní ṣé ọmọbìnrin àwọn lè wọlé. Wọ́n ní ó jókòó síta."

"Kó wọlé," ni dókítà wí. Kò gbójú kúrò nínú ohun tó ń kọ.

Ọkùnrin náà dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn kọjá, ó dúró díẹ̀, ó wá ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó wọlé. Láti ibi tí Ògbufọ̀ jókòó sí, ó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí bẹ́ǹṣì ìta, méjèèjì ṣófo. Síbẹ̀ ìyá náà mí kanlẹ̀, ó sì sún díẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tó ń fún ẹlòmíì láyè.

Ògbufọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó kù dé òpin, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Dókítà ní ojú náà ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ràn lọ́wọ́. Ìyá náà mi orí, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní: "Ṣé o gbọ́? Ohun tí mo sọ fún ọ nílé náà nìyẹn."

Nígbà tí Ògbufọ̀ jáde, ọkùnrin náà ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí ní èdè Ògbufọ̀, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó ti di ọdún mẹ́jọ."

"Ọdún mẹ́jọ tó ti ṣe kí ni?"

Ọkùnrin náà wá ọ̀rọ̀ náà tì ní èdè Ògbufọ̀. Ó wá sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀, ó sì yé Ògbufọ̀. Nínú èdè àwọn ará òkè, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ojú kò rí. Ẹni tó rìnrìn àjò, ẹni tó wà ní yàrá kejì, ẹni tó kú, ọ̀rọ̀ kan náà ló kó gbogbo wọn. Pé ẹni náà kú, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń sọ ìyẹn, lójú sàréè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tó bo ilẹ̀. Tí wọn kò bá sọ ọ́ níbẹ̀, kò tún síbi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ kọ̀, kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe máa túmọ̀ ìyẹn?" ni ọkùnrin náà bi í.

Ògbufọ̀ ronú títí. "Èdè tiwa kò gbà á. Ẹni yẹn wà, tàbí kò sí."

*

Kò ju oṣù kan lọ, ìjì fọ́ fèrèsé mẹ́fà nílé ìwòsàn. Ẹni tí wọ́n pè láti wá ṣe é ni ọkùnrin yìí. Onígíláàsì ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbi tó ti ń gé gíláàsì fèrèsé àti dígí. Ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kí iṣẹ́ náà gbà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá ilé ìwòsàn rẹ̀ ní fèrèsé tó bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ràn ẹnu yín," ló sọ fún Ògbufọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún.

"Ẹnu mi àbí ọ̀rọ̀ ẹnu mi?"

"Ṣé méjèèjì jìnnà síra wọn ni?"

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Tó bá ti ṣíwọ́, á gba ṣọ́ọ̀bù Onígíláàsì lọ, á jókòó sórí àpótí, á máa wò ó bó ti ń fi irin fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára gíláàsì, tí á tẹ̀ ẹ́, tí gíláàsì á sì là síbi tí ó ní kó là. Ògbufọ̀ ń kọ́ ọ ní èdè tirẹ̀, òun náà ń kọ́ Ògbufọ̀ bí wọ́n ti ń di gíláàsì mú kó má gé ni lọ́wọ́. Ìfẹ́ wọn kò pariwo. Tí Ògbufọ̀ bá délé, á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó yẹ kó sọ, oorun á sì jìnnà.

Àmọ́ kò yé rántí ilẹ̀kùn yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó bi í.

Onígíláàsì gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jà láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Ìjà tí kò nítumọ̀. Ó fi dígí tí mo gé fún oníbàárà ṣeré, ó fọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, òjò dé, ó kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́. Mo ní kí òjò pa á díẹ̀. Nígbà tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ó lọ yà síbi ògiri tí wọn kò tíì kọ́ tán ní òpópónà kejì. Ògiri náà wó lù ú."

Ògbufọ̀ sún àpótí tó jókòó lé mọ́ ọn.

"Ìyá mi kò mọ̀ pé mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìwọ nìkan ni mo tíì sọ fún. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, ó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Tó bá ní kí n ṣílẹ̀kùn fún un, mo máa ń ṣí i. Kí ni mo fẹ́ wí?"

"Ìwọ náà máa ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Rárá. Ojú wo ni mo fẹ́ fi bá a sọ̀rọ̀?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ló ní òun fẹ́ kó di ìyàwó òun. Ògbufọ̀ ti gbà kó tó rántí àga yẹn.

*

Bàbá Ògbufọ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kéde ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀, òun ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Tó bá ní kí ẹ gbé omi wá, ẹni tó wà ní ilé kẹta á dìde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ohùn náà kì í sọ. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí Ògbufọ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ obìnrin náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó kó àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó ń ti yàrá ara rẹ̀ pa, ọmọ rẹ̀ pàápàá kì í wọ ibẹ̀.

"Mi ò ní ìkùnsínú sí àwọn ará òkè," ló wí nígbà tí Ògbufọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. "Àmọ́ èdè tí mi ò gbọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀gbà tó ń bú mi?"

"Èmi gbọ́ ọ, Bàbá."

"Ìwọ lo ń fẹ́ ọkọ. Ẹni tó ń fẹ́ ọkọ kì í gbọ́ èébú."

Ó ní bí àwọn ìdílé méjèèjì bá máa jókòó, kì í ṣe Ògbufọ̀ ni yóò túmọ̀. Wọ́n wá ké sí ọ̀gá Ògbufọ̀ àtijọ́, arúgbó tó kọ́ ọ níṣẹ́ ìtumọ̀. Ogójì ọdún ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, kò sì wọ́pọ̀ kó sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ láìfi "ó ní" ṣíwájú. Bàbá Ó-Ní ni gbogbo ìlú ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tó dẹnu ìfẹ́ kọ òun, ohun tó wí ni pé, "Ó ní òun fẹ́ ọ."

Wọ́n pàdé ní pálọ̀ bàbá Ògbufọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ìyá Onígíláàsì jókòó, ó fọwọ́ wá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ṣófo, ó fọkàn balẹ̀.

"Ọmọ mélòó ni wọ́n bí?" ni bàbá béèrè.

"Wọ́n ní méjì," ni Bàbá Ó-Ní wí. "Obìnrin ni àkọ́bí."

"Kí ló dé tí kò bá wọn wá?"

Ìyá náà fèsì, ó sì lo ọ̀rọ̀ yẹn, èyí tó wà fún ẹni tí ojú kò rí. Ògbufọ̀ wo ẹnu ọ̀gá rẹ̀. Ojú ọ̀nà méjì ló wà níwájú arúgbó náà, kò sì sí ẹ̀kẹta.

"Wọ́n ní ó wà," ni Bàbá Ó-Ní wí. "Ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i báyìí. Wọ́n ní wọn kò lè fún ọmọ àwọn láyè láti gbéyàwó láìgbọ́ tẹnu rẹ̀."

Inú bàbá dùn. "Ilé tó mọ àgbà nìyẹn. Tó bá wà lókè òkun, kò burú. Mo máa kọ lẹ́tà sí i."

Onígíláàsì wo Ògbufọ̀. Ògbufọ̀ gbọ́ èdè méjèèjì, òun ló lè dá ọ̀rọ̀ náà padà kó tó fìdí múlẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, bàbá rẹ̀ ti ń wá bírò.

*

Lẹ́tà náà gba ọwọ́ Bàbá Ó-Ní lọ. Èsì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Bàbá jókòó sídìí tábìlì, ó fi ohùn ibùdókọ̀ kà á sókè fún ọmọ rẹ̀. "Bàbá, mo kí yín. Lẹ́tà yín dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì gbọ́ ọ. Èmi kò kọ̀. Àbúrò mi nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n fetí sílẹ̀. Ẹni tí a jọ wà níbí gbọ́ lẹ́tà yín pẹ̀lú. Ó ní kí n bẹ̀ yín pé kí ẹ ká aṣọ kúrò lórí dígí, pé ó ti..." Ohùn náà dúró.

"Bàbá?"

Bàbá dìde. Ó rìn lọ sí yàrá rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, kò tì í. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjìdínlógún, Ògbufọ̀ rí inú yàrá náà. Dígí gíga kan wà lára ògiri, aṣọ dúdú bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, eruku sì ti kún ìṣẹ́po aṣọ náà. Bàbá fà á. Eruku tú sínú oòrùn. Ó dúró níwájú dígí náà, kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń wò.

"Ìwọ lo sọ fún wọn," ló wí.

"Mi ò mọ̀ pé aṣọ bo dígí kankan, Bàbá. Mi ò wọ ibí rí láti ìgbà náà."

Bàbá kò jiyàn. Nígbà tó pẹ́, ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń dán ẹsẹ̀ tó ti kú tipẹ́ wò bóyá yóò gbé òun.

Ògbufọ̀ kò dúró jẹun. Ilé Bàbá Ó-Ní ló gbà lọ tààrà.

"Ọ̀gá, kí lẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn?"

"Mi ò fi tèmi kún un," ni arúgbó náà wí. "Mo ka ti bàbá rẹ fún ìyá yẹn. Ó dẹ etí sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́, ó wá sọ̀rọ̀. Tó bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún dákẹ́. Mo ń kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi dígí, mo bi í pé dígí wo. Ó ní òun kò mọ̀, ohun tí wọ́n ní kí òun wí lòun wí." Ó mi orí. "Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jiyàn?"

"Ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn ti kú. Ẹ sọ pé ó wà."

"Tí àwa bá ní àgbàlagbà kan sùn, ṣé oorun ló sùn? Èdè tiwa náà ń fi aṣọ bo òkú, ọmọ mi. Aṣọ tiwọn kàn gùn ju tiwa lọ ni."

*

Bàbá kọ lẹ́tà kejì, ó kọ ìkẹta. Èsì ń dé. Ó gbé àwòrán ìyàwó rẹ̀ padà sára ògiri, ó ń sọ ìtàn rẹ̀ nídìí oúnjẹ, bó ti ń rìn, bó ti máa ń bú u tó bá ń kéde ọkọ̀ lójú oorun. Ògbufọ̀ ń gbọ́ nípa ìyá rẹ̀ ohun tí kò gbọ́ rí, ó ń dùn mọ́ ọn, ó sì ń dẹ́rù bà á. Tó bá ku òun nìkan nílé lọ́sàn-án, ó máa ń rò pé ẹnì kan ń dúró kó parí ohun tó ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà kó tó kọjá. Ọjọ́ tó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń ṣe é, ó lọ bá Onígíláàsì.

"Ṣé o máa ń gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo kàn ń ṣílẹ̀kùn ni."

"Mi ò lè wọ ilé tí mi ò mọ iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀."

Onígíláàsì nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Tó o bá ní o kò ṣe mọ́, mi ò ní bínú sí ọ." Ṣùgbọ́n gíláàsì tó padà mú ti gé e lọ́wọ́, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ògbufọ̀ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sọ òótọ́ fún un.

Bàbá kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dun Ògbufọ̀ jù. "Ẹni tí mo sọ gbogbo inú mi fún," ló wí, "òkú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, o sì gbọ́."

"Mo gbọ́."

"Ìgbéyàwó yìí kò ní wáyé," ni bàbá wí. Ó wọ yàrá rẹ̀. Ògbufọ̀ gbọ́ tó ń wá aṣọ tí yóò fi bo dígí, kò rí i.

*

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ògbufọ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri, tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ bí òkúta. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó ṣíwọ́ kí aago mẹ́ta tó lù. Aránṣọ tó ń jókòó sí ọ̀kánkán ilé wọn gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Àlejò yín ti dé o," ló wí. "Ìyá kan tí kò ríran dáadáa. Ọmọbìnrin tó dì í lọ́wọ́ mú mọ ìtọ́jú."

Ògbufọ̀ kò mọ bó ṣe gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó wọ pálọ̀, bàbá rẹ̀ àti ìyá Onígíláàsì jókòó síbẹ̀, àwọn méjì péré. Àga kẹta wà láàárín wọn, wọ́n fà á kúrò nídìí tábìlì. Ojú bàbá pọ́n.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Ta ló mú yín wá?"

Ìyá náà na ọwọ́ kan àga kẹta.

"A ti ń sọ̀rọ̀ láti aago kan," ni bàbá wí.

"Ta ló ń túmọ̀ fún yín?"

Bàbá wo àga tó wà láàárín wọn, bó ṣe máa ń wo Bàbá Ó-Ní tó bá ń retí kí ó parí gbólóhùn. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ìyá yìí ń sọ tiwọn, ó ń yé mi. Jókòó. Bá mi bi wọ́n bóyá bí mo ṣe gbọ́ ọ náà nìyí."

Ògbufọ̀ jókòó sílẹ̀, kò jókòó sórí àga yẹn.

"Wọ́n ní ọmọ àwọn kan ilẹ̀kùn nínú òjò," ni bàbá wí. "Àbúrò rẹ̀ wà nínú ilé, kò ṣí i. Ará ilé kejì rí i, ó sì sọ fún ìyá lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó sin ín. Nítorí ìyẹn ni ìyá ò ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ ojú sàréè. Ó ní tí òun bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n pé ọmọ yìí ti kú, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló pa á, ẹni kan ṣoṣo tó kù fún òun ló sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ní òun ti dárí jì í láti ọdún mẹ́jọ. Kò rí ẹnu tí yóò fi sọ fún un."

Ògbufọ̀ wo ẹnu bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ju "ẹ káàbọ̀" lọ nínú èdè àwọn ará òkè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà, Ògbufọ̀ nìkan ni Onígíláàsì sọ ọ́ fún, òun kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí ìyá náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. "Bí mo ti wí náà nìyẹn," ló fèsì. "Bàbá rẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Lọ sọ fún ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹnu tìrẹ ló ti máa gbà á."

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Ṣé wọ́n rán ọ níṣẹ́ àbí wọn ò rán ọ?" Bàbá nu ojú rẹ̀. "Dìde, máa lọ. Tó o bá ń bọ̀, mú un dání. Ọkùnrin tó ti ru irú ẹrù yẹn fún ọdún mẹ́jọ tí kò sì sá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, mi ò mọ irú àna tí mo tún ń wá."

Onígíláàsì wà nídìí iṣẹ́ nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ògbufọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tó ti jẹ́ fún àìmọye èèyàn, kò nira fún un tó báyìí rí. Ó ti sọ fún ọkùnrin pé ojú rẹ̀ ti lọ, ó ti sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ kò ní ríran, kò sí èyí tó wúwo tó ti òní.

"Ìyá rẹ ní òun mọ̀," ló wí. "Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun kò bínú."

Onígíláàsì kò bi í pé kí ni. Ó gbé gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ láàárín àfọ́kù, Ògbufọ̀ sì jókòó tì í. Títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè kankan.

*

Wọ́n ṣègbéyàwó lẹ́yìn oṣù méjì, èèyàn díẹ̀ ló wá. Bàbá Ó-Ní túmọ̀ ẹ̀jẹ́ méjèèjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi "ó ní" ba ẹ̀jẹ́ náà jẹ́. Ẹni tó so wọ́n pọ̀ ní láti ní kí ó dákẹ́, kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán, ìyá Onígíláàsì ní kí wọ́n má gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí òun jí tí òun kí ọmọbìnrin òun, kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wọn ṣe. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ògbufọ̀ tó ti ń bẹ̀rù pé èèyàn á pọ̀ jù níbẹ̀, òfìfo náà ló ń bẹ̀rù báyìí. Onígíláàsì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ògbufọ̀ ń wá lójoojúmọ́, á jókòó ti ìyá náà, á máa sọ ìtàn ìyàwó rẹ̀ fún un. Wọn kò gbọ́ ara wọn mọ́ rárá. Síbẹ̀ wọn kò dìde kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Ní ọjọ́ keje, Onígíláàsì yí sí ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere.

"Kọ́ mi bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lédè yín," ló wí. "Tiwa kò gbà mí láyè mọ́."

Ògbufọ̀ mọ ohun tó ń béèrè. Ó sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kúkúrú kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kú," ni Onígíláàsì wí. Ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa lórí rẹ̀. Ó tún un sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ti kú." Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹkún gbé e, ẹkún ọdún mẹ́jọ, Ògbufọ̀ sì gbé orí rẹ̀ sáyà.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn ìyá láti yàrá kejì. Ìyá tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí ní èdè Ògbufọ̀, ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, ketekete, ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà níbi tó yẹ kó wà.

"Ọmọ mi ti kú," ló wí.